Páálí Táńkì Tí Bàbá Wa Kò Jẹ́ Ká Ṣí

Àwọn tó ń wá sílé wa ní Sátidé kì í pe bàbá mi ní orúkọ wọn. Adájọ́ ni gbogbo wọn ń pè wọ́n. Bí àlejò bá gbọ́ ọ, á rò pé ilé ẹjọ́ ni bàbá mi ti fẹ̀yìn tì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ike ṣe garawa àti àga ni bàbá mi ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń yẹ gbogbo ohun tó bá jáde lára ẹ̀rọ wò. Ohun tí wọ́n sì ń dá lẹ́jọ́ nínú pálọ̀ wa ni táńkì ogun oníke, irú èyí tí wọ́n ń tà ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, tí ẹni tó rà á á wá fi gọ́ọ̀mù tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Bí a bá tò ó tán, kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Àwọn àgbà ọkùnrin tó ní ìyàwó àti ọmọ ló ń gbé e wá, kì í ṣe ọmọdé, mo sì ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ló ń ṣe wọ́n.

Páálí àtijọ́ ni wọ́n ń gbé wá jù, èyí tó ti pé ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n rí lọ́wọ́ opó kan tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ẹrù kúrò nílé. Ìbéèrè wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ó dára, àbí àwòrán orí páálí ló ń tan àwọn jẹ?

Bàbá mi kì í wo àwòrán. Wọ́n á dojú ìdérí páálí dé sórí tábìlì, wọ́n á ní ẹni tó yà á kò rí ohun tó wà nínú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà wọ́n á kó ike inú rẹ̀ lọ sójú fèrèsé, wọ́n á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí irin tí wọ́n fi ń da ike bá ti gbó, ẹnu rẹ̀ kì í pàdé dáadáa mọ́, ike á sì máa yọ létí bí awọ orí mílíìkì tó tutù. Èékánná àtàǹpàkò ni Bàbá fi ń wá ìyẹn. Ibi tí ike bá ti nípọn jù, á wọnú nígbà tó bá ń tutù, á di kòtò kékeré. Ìyẹn, ẹ̀gbẹ́ ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Wọ́n á yí abẹ́ táńkì sókè. Bí ihò bátìrì bá wà níbẹ̀, ohun ìṣeré tó ń sáré kiri ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe, ẹni tó ṣe é kò bìkítà bóyá ó jọ táńkì gidi. Wọ́n á ka táyà rẹ̀. Wọ́n á fi rúlà wọ̀n ọ́n, nítorí táńkì tó gùn ní mítà méje lójú ogun gbọ́dọ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà ogún lórí tábìlì wa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ ni.

Bí wọ́n bá parí, wọ́n á ya bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n á kọ ohun tó dára lára rẹ̀ àti àbùkù rẹ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan ni olówó orí páálí máa ń wò. Bí kò bá jẹ́ "Ó yege", á jẹ́ "Dúrọ́ọ̀mù". Inú dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n máa ń ju garawa tó bá bàjẹ́ sí níbi iṣẹ́ wọn, kí ẹ̀rọ tó lọ̀ ọ́ kúnná. Wọ́n á ki bébà náà sínú páálí, ó di ẹjọ́ tí kò ní kòtẹ́milọ́rùn. Obìnrin kan ládùúgbò gbọ́ nígbà kan pé bàbá mi mọ̀ nípa táńkì, ó bá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá wo táńkì omi tó ń jò lórí òrùlé rẹ̀. Wọ́n lọ. Wọ́n gun àkàbà, wọ́n fi èékánná wa etí rẹ̀ yíká, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní dúrọ́ọ̀mù.

Òfin kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ gbogbo àwọn ará Sátidé. Bẹ́líìtì tó yí táyà táńkì ká, rọ́bà rírọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é láyé ijọ́un, epo kan sì wà nínú rọ́bà náà. Bó bá fara kan ike fún ọdún gbọgbọrọ, epo yẹn á máa yọ díẹ̀díẹ̀, á sì máa jẹ ike náà títí á fi yọ́. Nítorí náà, ọjọ́ tí o bá gbé páálí àtijọ́ wọlé ni kí o ṣí i, kí o yọ rọ́bà inú rẹ̀, kí o wé e sínú bébà, kí o tọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀. Igi gọngọ má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ẹnì kan bá gbé páálí tí ọ̀rá ara rẹ̀ kò tíì já wá, tó ń fi yangàn pé ẹnikẹ́ni kò ṣí i rí, Bàbá á wò ó tàánútàánú, wọ́n á bi í pé ṣé òkú ló ń tọ́jú ni.

Ṣùgbọ́n ní yàrá tiwọn, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, páálí kan wà tí ọ̀rá ara rẹ̀ kò já. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló lò níbẹ̀, èmi ni mo ń nu eruku orí rẹ̀.

Màmá wa kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí àbúrò mi ọkùnrin wà ní mẹ́fà. Àwa méjèèjì péré ni wọ́n bí. Lẹ́yìn ọdún méjì ni Bàbá ra páálí náà, táńkì tó dára jù lọ nínú gbogbo èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà yẹn. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n sọ fún ọmọ náà pé lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ṣí i. Wọn ò bi mí bóyá ọwọ́ tèmi tó. Ọwọ́ tèmi wà nínú omi ọṣẹ, ó ń fọ aṣọ wọn.

Láti ọjọ́ yẹn ni àbúrò mi kò ti ní ibòmíràn tó ń wò ju orí kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó ní òun máa fi hàn pé ọwọ́ òun ti tó. Ó mú páálí kan tí Bàbá ti kọ dúrọ́ọ̀mù fún, tí ẹni tó gbé e wá sì ti fi ìbínú fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi jókòó tì í lórí tábìlì ilé ìdáná, tó ń fi ọ̀bẹ ha etí rẹ̀, tó ń fi ike yíyọ́ dí àwọn kòtò ara rẹ̀, tó ń fi sáńpépà dán an. Bí mo bá fẹ́ gé àlùbọ́sà, mo ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá kùn ún ní àwọ̀ ewé gbígbẹ. Mo rí i, ó wù mí, mo sì sọ fún un pé ó dára, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló ṣe é fún.

Ó gbé e jáde ní Sátidé, níwájú àwọn àlejò. Àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn, ó yẹ kó dúró kí wọ́n lọ. Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sójú fèrèsé, wọ́n yí i sókè, wọ́n yí i sódò, wọ́n fi èékánná wa gbogbo etí rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, aṣọ ìnuwọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo ń bẹ Ọlọ́run nítorí ike.

"Ọ̀bẹ ti jẹ ẹ́ jù lẹ́yìn orí rẹ̀," wọ́n ní. "Dúrọ́ọ̀mù."

Orí ni wọ́n ń pe ibi tó ń yí, tí ìbọn rẹ̀ ti yọ jáde. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, ó rò pé Adájọ́ ń ṣe àwàdà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ni. Bàbá kì í fi ìdájọ́ ṣe àwàdà. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Bàbá mi lo ti òsì, wọ́n ki ti ọ̀tún bọ àpò, wọ́n ń retí kí ọmọ náà lọ tún òmíràn ṣe. Ẹ̀kọ́ tí ibi iṣẹ́ kọ́ wọn nìyẹn: garawa tó lábùkù kò gbọ́dọ̀ jáde lọ torí pé ẹni wa ló ṣe é. Ó bọ́gbọ́n mu fún garawa. Àbúrò mi gbé táńkì rẹ̀, ó kí àwọn àlejò pé ó dàbọ̀, ó wọ yàrá. Kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ yẹn mọ́ láé.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó bá iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, ó sì tibẹ̀ lọ síbi tó jìnnà ju ìyẹn lọ. Ó ń pè mí lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Á béèrè ara mi, á béèrè ara Bàbá, á ní kí n bá òun kí wọn. Bí mo bá ní kó dúró kí n gbé fóònù fún wọn, iná fóònù rẹ̀ á ti fẹ́ tán. Mi ò tíì rí irú fóònù yẹn rí, tí iná rẹ̀ máa ń tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní ìṣẹ́jú kan náà.

Ọdún lọ, àwọn ará Sátidé ń wá, Bàbá ń dá ẹjọ́. Èmi náà ń lọ sí ọ́fíìsì mi, mo ń bọ̀, mo ń se oúnjẹ èèyàn méjì. Ó tó ìgbà mẹ́ta tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká ya ọ̀rá ara páálí yẹn, ká kàn yọ rọ́bà inú rẹ̀, ká tún un dì. Òfin tiwọn fúnra wọn ni mo ń kà fún wọn. Wọ́n ní èèyàn méjì ló ni páálí náà, ẹnì kan kò lè dá a ṣí, àdéhùn sì ni àdéhùn. Inú bí mi débi pé lọ́jọ́ kan mo ti gun àga, mo ti na ọwọ́ sí i. Mo tún sọ̀ kalẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní pé mo sọ̀ kalẹ̀.

Èéfín ike ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló gba àyà Bàbá. Dókítà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kọ́rídọ̀, ó ní kí n má retí ju oṣù díẹ̀ lọ. Mi ò sọ fún wọn nílé, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ mọ ohun tó ti bàjẹ́, kí ni mo fẹ́ fi pa mọ́ fún un? Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ní kí n pe àbúrò mi, kó wá ká ṣí páálí. Wọn ò ní kó wá wo àwọn. Páálí ni wọ́n dárúkọ. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wá, àbúrò mi náà mọ̀ ọ́n, nítorí nígbà tí mo sọ fún un, iná fóònù rẹ̀ kò tán.

Ó dé ní Fúráìdè pẹ̀lú báàgì kékeré kan. Ó ní òun máa lò tó ọjọ́ Túsìdeè. Ó ti sanra díẹ̀, irun iwájú orí rẹ̀ sì ti ń lọ bíi ti Bàbá. Wọ́n bi í léèrè ọ̀nà, ó ní ọ̀nà dára. Wọ́n bi í léèrè ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ, ó ní wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ bá tán. Èmi ni mo wá ń sọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn láàárín wọn, bí ẹni tí wọ́n háyà.

Ní Sátidé, Bàbá ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wọn pé kí wọ́n má wá. Mo gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn wọn lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Wọ́n fi gíláàsì ojú wọn, wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, wọ́n to ọ̀bẹ, rúlà àti gọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní ìlà. Àbúrò mi gbé páálí náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì na ọ̀bẹ sí i, wọ́n ní òun ni kó gé e.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde, òórùn epo tó ti pẹ́. Mo rí i tí ojú Bàbá yí padà, wọ́n ti mọ̀ kí a tó rí ohunkóhun. Àbúrò mi kó àwọn ike náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà lókè dára púpọ̀: etí wọn mú, kò sí awọ, kò sí kòtò, mi ò rí ike tó gún tó bẹ́ẹ̀ rí nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń gbé omi fún àwọn ará Sátidé. Abẹ́ wọn ni ara táńkì gan-an wà, rọ́bà méjèèjì sì dùbúlẹ̀ lé e. Wọ́n ti jẹ ẹ́ wọlé. Ojú bẹ́líìtì náà ti rì sínú ike débi tí ìka lè wọ ibẹ̀, táyà apá kan sì ti yọ́ mọ́ra wọn, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Àbúrò mi gbìyànjú láti ṣí rọ́bà kan kúrò, ike bá a wá.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́. Ó ti ara táńkì náà síwájú Bàbá.

"Ẹ dá a lẹ́jọ́," ó ní.

Wọn ò gbé e lọ sójú fèrèsé. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé e, wọ́n sinmi díẹ̀ kí èémí lè tó wọn.

"Dúrọ́ọ̀mù ni," wọ́n ní. "Èmi ni mo bà á jẹ́, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀." Wọ́n nu ìka wọn mọ́ ìwé ìròyìn. "Tìẹ ti ìjọ́ yẹn, mi ò dá a dáadáa. Lọ gbé e wá, kí n tún un wò."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Fún ọdún mẹ́tàlélógún, wọ́n ti rò pé táńkì ọmọ yẹn wà níbì kan nínú ilé, nínú àpótí kan tàbí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pé ọjọ́ tí àwọn bá ṣetán, wọ́n á kàn gbé e wá síwájú àwọn. Mo wo àbúrò mi, mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó purọ́. Òun náà kò mọ irọ́ pa, ọmọ bàbá rẹ̀ ni.

"Kò sí mọ́, Bàbá," ó ní. "Mo tẹ̀ ẹ́ fọ́ ní Sátidé yẹn. Mo kó o dà sínú garawa ìdọ̀tí kí àwọn àlejò yín tó dé ilé wọn."

"Ní Sátidé yẹn gan-an?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá rọra mi orí. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n pa á dé, wọ́n ní ó ti rẹ àwọn. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá mi náà máa ń pa òwe yẹn fún àwọn ẹlòmíràn. Mo ràn wọ́n lọ́wọ́ dé orí bẹ́ẹ̀dì, mo padà wá kó àwọn ike sínú páálí, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, àbúrò mi sì dúró lójú fèrèsé, kò ràn mí lọ́wọ́.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó ní wọ́n ń pe òun níbi iṣẹ́. Mo sìn ín dé ibùdókọ̀, mo sì bá a wí gbogbo ọ̀nà. Mo ní ọkùnrin yẹn ń kú lọ. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun kò bínú mọ́, ó ti pẹ́ tí òun kò ti bínú, òun kàn ń jókòó síwájú wọn ni, òun kò sì mọ ohun tí ẹnu òun lè sọ. Mo gbà á gbọ́. Ìyẹn kò dín ìbínú mi kù, mi ò dúró kí ọkọ̀ rẹ̀ tó gbéra.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni Bàbá tún lò. Wọn ò dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n bá àwọn wá bébà àti bírò, mo rò pé páálí ẹnì kan ló ṣẹ́ kù tí wọn ò tíì kọ tirẹ̀. Wọ́n kọ díẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n tún dìde kọ díẹ̀. Nígbà tí mo gbé oògùn wọlé, wọ́n fi ọwọ́ bò ó bí ọmọ iléèwé. Wọ́n kú ní ọjọ́ Túsìdeè, ní kùtùkùtù, kí n tó fi omi tíì kaná.

Àbúrò mi wá sìnkú, ó ṣe gbogbo ohun tó yẹ, ó padà lọ. Ó lé ní oṣù kan lẹ́yìn náà kí n tó lè wọ yàrá wọn láti tún un ṣe. Mo ní kí n kọ́kọ́ ju páálí burúkú yẹn nù. Nígbà tí mo ṣí i, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí àwọn ike, ọwọ́ ìkọ̀wé Bàbá ló wà lára rẹ̀, àwọn lẹ́tà náà tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo kà á lórí ìdúró. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, mo tún un kà, mo sì pe àbúrò mi. Ọ̀sán gangan ni, ibi iṣẹ́ ló wà. Mi ò kí i. Mo ní kó wá ibi tó máa jókòó sí, mo sì kà á fún un bí wọ́n ṣe kọ ọ́:

"Táńkì tí ọmọ mi ọkùnrin tò nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Kò sí níwájú mi, mo fi ọkàn wò ó. Ike rẹ̀ kò dára, èmi fúnra mi ti kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ha gbogbo etí rẹ̀, kò fo ibì kankan. Kòtò mọ́kànlá ló wà lára rẹ̀, mọ́kànlá náà ló dí. Gbogbo táyà rẹ̀ fara kan tábìlì. Àbùkù: ọ̀bẹ jẹ ẹ́ jù lẹ́yìn orí rẹ̀, lápá òsì. Ó yege. Ọwọ́ rẹ̀ ti tó."

Mo rò pé iná fóònù rẹ̀ ti tán lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti fẹ́ gbé e kúrò létí nígbà tí mo gbọ́ èémí rẹ̀.

"Lápá òsì," ó ní. "Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀bẹ yọ̀ lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Mo fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀, mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni á rí i."

Ó wá ní kí n jọ̀wọ́, kí n tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.